Pèrègún, obì àti àpáàdì lórí ilẹ̀ bàbá wa: ṣé ahoro ni, àbí igbó lásán?

Ìbéèrè:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Bàbá wa fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ fún wa lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìgbàrà-Òkè. Oko kòkó ni tẹ́lẹ̀, ó ti di igbó. Nígbà tí a lọ ṣán an, a bá pèrègún tó ṣù jọ lójú kan, igi obì mẹ́ta nítòsí rẹ̀, ọ̀pẹ sì pọ̀ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ilẹ̀ apá ibẹ̀ dúdú, àpáàdì kún un. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní ahoro ni, pé a ò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní igbó ni ibẹ̀ látilẹ̀wá, kí á mú katakata wá kó gbogbo rẹ̀ dànù, kí á pín in sí pulọ́ọ̀tì. Ta ló tọ̀nà? Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ahoro, kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ fi àpáàdì ṣe?

* * *

Ẹ̀gbọ́n bàbá yín ló tọ̀nà lórí ohun tó wà níbẹ̀. Ti pé ẹ ò gbọdọ̀ kọ́lé rárá, mo ní ọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, n óò dé ibẹ̀.

Iṣẹ́ sọ̀fíyọ̀ ni mo ń ṣe ní Àkúrẹ́. "Igbó ni ibẹ̀ látilẹ̀wá" ni àwọn tó ń ta ilẹ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi, ó sì ṣọ̀wọ́n kí n wọ irú igbó bẹ́ẹ̀ ní agbègbè wa yìí kí n má rí ọwọ́ èèyàn níbẹ̀. Ẹ wo ọ̀pẹ. Ọ̀pẹ kò fẹ́ òjìji. Èkùrọ́ lè bọ́ sábẹ́ igbó kìjikìji kó sì hù, àmọ́ bí oòrùn kò bá rí i, kò ní dàgbà. Nítorí náà, bí ẹ bá bá ọ̀pẹ rẹpẹtẹ láàárín igbó tí àwọn igi ńlá ti ga bò wọ́n, ojú ibẹ̀ ti là rí. Ẹnì kan ṣán an, ọ̀pẹ hù, wọ́n ń dá a sí torí epo àti ẹmu. Ìgbà tí wọ́n ṣí kúrò ni igbó padà wá bò ó.

Obì náà ńkọ́? Obì máa ń pẹ́ kó tó so. Ẹni tó ń kọjá lọ kì í gbìn ín. Igi obì mẹ́ta lójú kan, ẹni tó fẹ́ dàgbà síbẹ̀, tó sì fẹ́ kí ọmọ òun ká a, ló gbìn ín.

Ilẹ̀ dúdú yẹn ló wá dá mi lójú jù. Ilẹ̀ wa lápá ibí pupa. Eérú ààrò, èèpo iṣu, ìgbẹ́ ewúrẹ́, egungun ẹran, gbogbo ohun tí wọ́n ń gbá dà sẹ́yìnkùlé fún ọ̀pọ̀ ọdún ló ń sọ ilẹ̀ pupa di dúdú. Ààtàn ni ẹ dúró lé lórí.

* * *

Ẹnì kan dá mi lóhùn pé pèrègún kì í ṣe ẹ̀rí ilé, pé ààlà oko ni wọ́n ń fi í pa. Wọ́n ń fi í pààlà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe tò. Pèrègún ààlà máa ń tò lọ gbọọrọ, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún, títí yóò fi pàdé ti aládùúgbò ní kọ̀rọ̀ ilẹ̀. Bí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé kóòtù, àwọn àgbà ṣì ń pè é ní ẹlẹ́rìí títí di òní, èmi náà sì máa ń ya ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà sínú pláànù kí n tó ri òkúta ààlà mọ́lẹ̀. Èyí tó ṣù jọ lójú kan yàtọ̀. Bí akòko bá tún wà nítòsí rẹ̀, ojúbọ ni, tàbí ojúde ilé olóyè, torí ewé akòko ni wọ́n fi ń jẹ oyè.

Ìyeyè àti bọ̀tújẹ̀ ní tiwọn, ọgbà ni wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Èèkàn tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ló ta gbòǹgbò, tó di igi. Ẹ bá ìyeyè tó tò yí ká, ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan ni, tàbí ibi tó ń so ẹran rẹ̀ mọ́. Osè kò wọ́pọ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ bá ti rí ọ̀kan, ẹ fara balẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.

Ẹlòmíràn ní àfẹnusọ ni gbogbo èyí. Igi kì í rìn. Ẹni tó gbìn ín ló yan ibi tó dúró sí.

* * *

Fún àwọn tó ní ìlú kì í di igbó bẹ́ẹ̀ yẹn: ẹ bi ọmọ Ẹ̀kìmọgún.

Ìlú Oǹdó fúnra rẹ̀ ti di ahoro rí. Láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjà abẹ́lé tú ìlú náà ká, àwọn èèyàn lọ ń gbé ní ibùdó àti abúlé káàkiri. Ọdún 1872 ni wọ́n padà sójú ilẹ̀ wọn, nígbà tí John Glover tó ń ṣàkóso Èkó dá sí ọ̀rọ̀ náà. Glover ní ìdí tirẹ̀: ọ̀nà tí ọjà máa ń gbà láti òkè wá sí Èkó ti di dídí lápá Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá, ó ń wá ọ̀nà mìíràn, ọ̀nà náà sì gba Oǹdó kọjá.

Ẹni tó bá padà sí ìlú tí kò ní olùgbé fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àdá ni yóò kọ́kọ́ mú lọ́wọ́. Nínú igbó tiwa yìí, ọdún mẹ́wàá péré ti tó kí ògiri amọ̀ tí kò ní òrùlé di òkìtì, kí igi sì hù lórí òkìtì náà. Ìlú tí gbogbo wa ń wọ mọ́tò gbà kọjá lónìí nìyẹn. Abúlé kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kò padà sí lẹ́yìn ogun àti ìjà ọ̀rúndún yẹn, mélòó ló kù tó ní orúkọ? Àwọn kan nínú wọn ló wà lábẹ́ oko kòkó wa, ó sì ṣeé ṣe kí tiyín wà lára wọn.

* * *

Ẹni tó kọ ọ́ pé agbègbè Ìgbàrà-Òkè kò ní ìtàn kankan tó jinlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ dá a lóhùn, torí ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí.

Ihò Eléérú wà lápá Ìsàrun, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́re tí Ìgbàrà-Òkè náà wà, kò jìnnà sí Àkúrẹ́ rárá. Abẹ́ àpáta ńlá kan ni, igbó yí i ká. Ní 1965, Thurstan Shaw àti Steve Daniels, àwọn onímọ̀ tó ń wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́, wa ilẹ̀ ibẹ̀ wò. Òkúta tí ọwọ́ èèyàn ti ṣá di ohun èlò kún ibẹ̀ bámúbámú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kéré débi pé ẹni tí kò mọ̀ yóò tẹ̀ wọ́n kọjá. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n ti bá egungun èèyàn tí wọ́n sin síbẹ̀. Èédú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì lé ní 11,000 ọdún. Ní 2011, àwọn onímọ̀ tún agbárí náà wò, wọ́n rí i pé ìrísí rẹ̀ jọ ti àwọn èèyàn tó pẹ́ jù ú lọ fíìfíì. Ọ̀rọ̀ yìí ń yà wọ́n lẹ́nu ní gbogbo àgbáyé títí di ìsinsìnyí, ẹ̀gbẹ́ Àkúrẹ́ níbí ló sì ti jáde.

Nígbà ayé ẹni yẹn, ojú ọjọ́ gbẹ ju tòní lọ, igbó tí a mọ̀ yìí kò kún tó báyìí. Àwọn tó tẹ̀ lé e ń ṣá òkúta síbẹ̀, wọ́n ń dáná síbẹ̀. Àwọn tó tún dé lẹ́yìn wọn mú ìkòkò wá, wọ́n mú àáké òkúta tí wọ́n lọ̀ dán wá. Wọ́n rí gbogbo wọn ní ìpele ìpele, èyí tó pẹ́ jù nísàlẹ̀, èyí tó dé kẹ́yìn lókè. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè mọ ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e ni pé kò sí ẹni tó da ilẹ̀ náà rú kí wọ́n tó débẹ̀.

Àáké òkúta dídán yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹdùn àrá ni àwọn bàbá wa ń pè é. Àgbẹ̀ a máa rí i níbi tó ti ń kọ ebè, a sì gbé e lọ fún àwọn oníṣàngó. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbé e fún wọn, tiwọn ni. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹni tó rí i rántí ibi tó ti rí i, kó sì sọ ọ́ fún ẹni tó lè kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹdùn àrá tí a kò mọ oko tó ti wá ti pàdánù ìdajì ohun tó lè sọ fún wa.

* * *

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn wá ń sọ ni pé: bí àwọn ará àtijọ́ bá ṣán igbó, tí wọ́n sun ún, tí wọ́n kọ́lé lórí ilé ẹlòmíràn, kí ló dé tó fi jẹ́ àwa ni wọ́n máa ní ká dáwọ́ dúró? Àwa náà kì í ha ṣe èèyàn ni?

Ìbéèrè gidi nìyí, kò sì yẹ kí á fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Èmi kò gbà pé kí ẹnikẹ́ni dáwọ́ gbígbé ayé dúró. Ilẹ̀ tí èèyàn kò gbé rí kò ní ìtàn tí a lè kà. Bí bàbá yín kò bá gbin kòkó, ẹ̀yin kò bá má mọ ibẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni ọwọ́ tí a fi ń ṣe é. Ẹni tó fi ọkọ́ kọ ebè kò lọ jìnnà sísàlẹ̀. Ẹni tó kọ́ ilé amọ̀ lórí ilé tó ti wó, ó bo ti ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, ó tilẹ̀ dáàbò bò ó. Wọ́n ń fi tiwọn kún ti ẹni tó ṣáájú. Katakata kì í fi kún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo, abẹ irin rẹ̀ a gba ilẹ̀ òkè, a gba ilẹ̀ ìsàlẹ̀, a pò wọ́n pọ̀, a sì tì wọ́n sínú àfonífojì. Tí ẹ bá ṣa àpáàdì níbẹ̀ lẹ́yìn náà, àpáàdì ṣì ni, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ìyá ìyá yín ló fọ́ ọ, tàbí ẹni tó ti kú kí Òyìnbó tó gúnlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ní igbó lásán ni ibẹ̀. Ṣé kò yẹ kó kọ́kọ́ wò ó?

* * *

Ẹ béèrè pé kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ fi àpáàdì ṣe. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ààtàn yẹn ni àkísà ilé náà, òun ni yóò sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún yín.

Ẹ mú àpáàdì kan, ẹ fi omi ṣan án díẹ̀, ẹ wo ara rẹ̀. Àwọn amọ̀kòkò wa máa ń yí nǹkan lórí amọ̀ tútù kó lè ní ọnà. Bí ẹ bá rí ọnà kéékèèké tó dọ́gba, tó tò ní ìlà ìlà, tó jọ ojú ibi tí hóró àgbàdo ti kúrò, ṣùkù àgbàdo ni wọ́n yí lé e. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn. Àgbàdo kì í ṣe ohun ọ̀gbìn ilẹ̀ wa látilẹ̀wá. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, kò sì lè dé ọ̀dọ̀ wa ṣáájú kí ọkọ̀ ojú omi Òyìnbó tó máa lọ tó máa bọ̀ lẹ́yìn 1492. Ìkòkò tó bá ní ọnà ṣùkù àgbàdo lára, kò lè dàgbà ju ìyẹn lọ láéláé. Ìkòkò tábà náà rí bẹ́ẹ̀, torí tábà àti àgbàdo, apá ibì kan náà ni wọ́n ti wá. Tí ẹ kò bá rí èyíkéyìí nínú méjèèjì ní gbogbo ààtàn náà, ọnà okùn nìkan ni ẹ ń rí, ó ṣeé ṣe kí ibẹ̀ pẹ́ gan-an. Mo ní ó ṣeé ṣe, torí àpáàdì mélòó kan kò tó láti fi dájọ́.

Ẹ wò bóyá òkúta dúdú kan wà tó wúwo, tí ara rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́ bíi fùkẹ̀fúkẹ̀. Ìdàrọ́ nìyẹn, ìdọ̀tí tó jáde lára irin nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ. Bó bá pọ̀ lójú kan, iṣẹ́ irin ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ má kó wọn sínú àpò o. Ẹ fi fóònù ya wọ́n níbi tí wọ́n wà, kí ẹ fi owó kọ́ìn kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kí èèyàn lè mọ bí wọ́n ṣe tóbi tó.

* * *

Bíríkìlà kan bá wa dá sí i, ó ní òun kò mọ nípa ìtàn, ṣùgbọ́n òun mọ̀ pé ilé tí wọ́n bá kọ́ sórí ilẹ̀ dúdú rírọ̀ kì í pẹ́ tó fi ń sán. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo ti ń fẹ́ kí ẹnì kan sọ.

Kò sí ilé amọ̀ láìsí kòtò. Ògiri tí ẹ rí tó dúró sókè, láti inú ilẹ̀ ni wọ́n ti wà á, nítòsí ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti wà á, torí ta ni yóò máa ru amọ̀ láti ọ̀nà jíjìn? Ẹ wo Ààfin Déjì àtijọ́ ní àárín Àkúrẹ́, èyí tí ìjọba àpapọ̀ kéde ní 1990 pé ó jẹ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Ùà, ìyẹn àgbàlá, tó wà nínú rẹ̀ lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì ní iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan: wọ́n ń búra ní Ùà Ubura, wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ ní Ùà Ìkómọ. Mélòó mélòó ni amọ̀ tó wọ inú ògiri gbogbo wọn? Ibi kan ní ìlú ni wọ́n ti wa gbogbo rẹ̀. Kí ẹ wá fi ti gbogbo agboolé tó yí ààfin àti Ọjà Ọba ká kún un. Àárín gbùngbùn Àkúrẹ́ kún fún kòtò tí ojú wa kò rí mọ́.

Bí wọ́n bá kọ́lé tán, kòtò náà a di ibi tí wọ́n ń da pàǹtí sí. Ọdún gorí ọdún, ó kún, ó tẹ́jú, wọ́n gbàgbé. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ọmọ wọn wá fi búlọ́ọ̀kù kọ́ alájà kan sórí rẹ̀. Wọ́n pè mí sí irú ilé kan bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò àtijọ́ kan. Apá ọ̀tún ilé náà ń rì, ògiri ti pín láti ojú fèrèsé dé ilẹ̀. Nígbà tí a gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ fandéṣọ̀n rẹ̀, eérú, àpáàdì àti egungun ẹran la bá, ó sì jìn sísàlẹ̀ ju ibi tí fandéṣọ̀n náà dé. Àwọn onílé ti náwó sórí sìmẹ́ńtì lẹ́ẹ̀mejì kí ẹnikẹ́ni tó rò ó láti wo ohun tó wà nísàlẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ìtàn kò bá jẹ lógún, kó jẹ́ kí owó rẹ̀ jẹ ẹ́ lógún. Ibi tí àwọn ará àtijọ́ da pàǹtí sí kì í ṣe ibi tí a ń gbé ilé lé.

* * *

Ẹnì kan láti Ìdànrè ní kòkó ló ba gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Oǹdó jẹ́, pé ká má dá katakata nìkan lẹ́bi.

N kò gbà fún un. Òótọ́ ni pé kòkó ló lé igbó sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Àmọ́ kòkó fẹ́ òjìji nígbà tó bá kéré, àgbẹ̀ kòkó ìgbà náà kì í gé gbogbo igi. Ó dá ìrókò sí, ó dá àràbà sí, ó dá obì sí. Ọ̀pọ̀ igi àtijọ́ tí a fi ń mọ ahoro lónìí, abẹ́ ààbò oko kòkó ni wọ́n wà títí àwọn agégẹdú fi dé. Kòkó alára sì ti di ìtàn: ibi tí wọ́n ń sá a sí, ahéré inú oko, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n kọ ọdún sí iwájú rẹ̀ ní Oǹdó àti Ilé-Olújì, kòkó ló kọ́ wọn. Ẹni tó bá fẹ́ ka ilẹ̀ yìí kò lè fò ó.

Ohun kan wà tí n kò lè sẹ́. Oògùn búlúù tí wọ́n ń fín sí kòkó torí àrùn tó ń sọ ọ́ di dúdú, kọ́pà wà nínú rẹ̀. Kọ́pà kì í lọ bọ̀rọ̀. Ó wà nínú ilẹ̀ àwọn oko kòkó àtijọ́ títí di ìsinsìnyí, ojú ò kàn rí i ni. Ìyẹn náà jẹ́ àmì ọwọ́ èèyàn lára ilẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ yóò sì rí i nígbà tí gbogbo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn bá ti wó.

* * *

Níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ Ìdànrè, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí Òdòdé ní àwọn ọdún 1920. Ààfin Ọwá ṣì wà lókè, ilé ẹjọ́ àtijọ́ wà níbẹ̀, Ẹsẹ̀ Agbóògùn, ojú ẹsẹ̀ kan lára àpáta, wà níbẹ̀, wọ́n sì ṣì ń gòkè lọ ṣe ọdún. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni ẹ máa gùn. Láti oṣù kẹwàá 2007 ni òkè náà ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà ń retí kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé.

Àríyànjiyàn tí mo máa ń gbọ́ níbẹ̀ ni pé ká fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ tó ń wó. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Amọ̀ máa ń fa omi mu, a sì tún tú u síta. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí omi náà jáde, omi á há sínú, ògiri á jẹrà láti inú wá, sìmẹ́ńtì á ṣí kúrò pẹ̀lú amọ̀ lára. Amọ̀ ni oògùn amọ̀, pẹ̀lú òrùlé tí kò jò. Àwọn ìyá wa mọ èyí, ọdọọdún ni wọ́n ń pa ilé.

Ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ orúkọ wọn sára àpáta níbẹ̀, n kò ní ohun púpọ̀ láti sọ ju pé ó ń bà mí nínú jẹ́.

* * *

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn tó ń fọ́ òkúta. Lórí àpáta kan tí mo wọ̀n lẹ́bàá Àkúrẹ́, mo rí ojú ọlọ, àwọn ihò gbọọrọ tó jinlẹ̀ díẹ̀, tó dán, níbi tí àwọn obìnrin ti lọ nǹkan láti ìran dé ìran. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo fún àwọn tó gbà mí síṣẹ́, mo ya fọ́tò mọ́ ọn. Wọ́n fi dáínámáìtì fọ́ àpáta náà, ó di òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń ta fún àwọn tó ń ṣe ọ̀nà. Òkúta mìíràn tí kò ní ojú ọlọ pọ̀ lápá ibẹ̀. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

* * *

Ẹni tó béèrè ìbéèrè ti padà wá. Ó ní wọ́n lọ wò ó, wọ́n rí ọnà ṣùkù àgbàdo lára àwọn kan, wọ́n rí òkìtì méjì tó jọ ògiri tó wó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kò burú, ṣùgbọ́n fífi ilẹ̀ sílẹ̀ lásán jẹ́ àdánù owó. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ṣì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ bàbá. Láyé ìgbà náà, inú ilé ni wọ́n ń sin òkú sí. Bó bá jẹ́ ilé ló wà lábẹ́ òkìtì méjèèjì yẹn, àfàìmọ̀ kí ibojì má wà níbẹ̀. Ohun tí bàbá ń sọ nìyẹn, bí kò tilẹ̀ là á mọ́lẹ̀. Kò sì sí ẹni tí yóò ra pulọ́ọ̀tì tí inú rẹ̀ yóò dùn bó bá kan egungun níbi tó ti ń gbẹ́ ṣalángá. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ bàbá lórí òkìtì méjèèjì àti ààtàn náà, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ lo ìyókù. Mo rò pé wọ́n á gbà bí ẹ bá lọ bá wọn pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, kó má jẹ́ pé katakata ni wọ́n kọ́kọ́ máa gbọ́.

Fún ẹ̀gbọ́n yín: bí ẹ bá fẹ́ ya pláànù tí ìjọba yóò buwọ́ lù, wọn yóò ní kí ẹ fi àyè gbangba sílẹ̀ níbì kan. Ẹ sọ apá ilẹ̀ dúdú náà di àyè yẹn. Kò dára fún fandéṣọ̀n tẹ́lẹ̀, ẹ kò pàdánù ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kí pèrègún, obì àti ọ̀pẹ wà níbẹ̀, òjìji ni fún àwọn tó bá wá gbé ibẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó fọ́tò yín lọ sí mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́, tàbí èyí tó wà ní Ọ̀wọ̀. Òfin ọdún 1979 lórí mùsíọ́mù àti ohun ìrántí kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba àṣẹ, nítorí náà ẹ má fúnra yín gbẹ́ ẹ, ẹ má sì gbà fún ẹni tó bá ní òun fẹ́ ra ohunkóhun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí Igbó Lájà ní Ọ̀wọ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 ń bẹ̀rẹ̀ ni Ekpo Eyo, onímọ̀ tó ń wa ilẹ̀ wá ohun àtijọ́, wa ilẹ̀ ibẹ̀, ère amọ̀ tó ti inú rẹ̀ jáde ti lé ní 500 ọdún, ó sì gbé orúkọ Ọ̀wọ̀ dé ibi tí kò dé rí. Ká ní ẹnì kan ti fi katakata tẹ́ ibẹ̀ kó tó dé ni, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ohunkóhun wà níbẹ̀.

Ó tún béèrè pé bí ọjọ́ katakata bá wá dé, kí ni kí àwọn sọ fún awakọ̀ rẹ̀. Ẹ fi okùn pupa yí òkìtì méjèèjì àti ààtàn ká, kí okùn náà jìnnà sí wọn ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá ó kéré tán. Kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá ọ̀nà. Kí ẹnì kan nínú yín máa rìn níwájú rẹ̀, kó má jókòó sábẹ́ igi. Bí ilẹ̀ pupa bá yí di dúdú lábẹ́ abẹ irin náà, kó pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì pè mí.